Bí Yunifásitì Amẹ́ríkà Ṣe Ń Fi Owó Wá Eléré

Pápá bọ́ọ̀lù Yunifásitì Michigan ń gba èrò tó lé ní 100,000. Bọ́ọ̀lù ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí a mọ̀ nílé o, ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé sáré ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ń tà, tẹlifíṣọ̀n ń san owó ńlá, àwọn kóòṣì kan sì ń gbà ju mílíọ̀nù 10 dọ́là lọ lọ́dún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ tó ń làágùn nínú pápá nìkan ni wọn kì í sanwó fún, àfi sikọ́láṣíìpù, yàrá àti oúnjẹ. NCAA, àjọ tó ń darí eré yunifásitì, ní akẹ́kọ̀ọ́ ni, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ yẹn gba ara wọn sílẹ̀ nílé ẹjọ́.

Kì í kúkú ṣe pé owó ò sí nínú rẹ̀ nígbà náà. Owó ẹ̀yìn ló wà níbẹ̀, tí àwọn olówó tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ ń san. Nígbà tí àṣírí irú rẹ̀ tú ní Yunifásitì SMU ní Texas, NCAA fagi lé gbogbo ìdíje bọ́ọ̀lù wọn fún ọdún 1987. Àwọn tó bẹ̀rù òfin ń kọ́lé ní tiwọn. Èyí tí Yunifásitì Clemson ṣí fún agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní 2017 tó mílíọ̀nù 55 dọ́là: ibi ìgẹ̀run wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń yọ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀ bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi náà sì wà. Owó tí wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ, wọ́n fi ra bíríkì fún un.

Ẹjọ́ ló já okùn náà. Ed O'Bannon, tó ti gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù fún Yunifásitì UCLA, dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì rí ara rẹ̀ nínú géèmù ọmọ ilé náà: ọwọ́ òsì ló ń lò, nọ́ńbà 31 ló wà lára aṣọ rẹ̀. Wọ́n ń tà á, kọ́bọ̀ kò kàn án. Ó pe NCAA lẹ́jọ́ ní 2009. Ní June 2021, gbogbo adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ panu pọ̀ dá NCAA lẹ́bi nínú ẹjọ́ mìíràn, ti Alston, eléré mìíràn. Ní ọjọ́ 1 oṣù July ọdún yẹn, wọ́n gbà kí eléré máa fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gbowó. NIL ni wọ́n ń pè é.

Lórí ìwé, owó ìpolówó ni. Kò pẹ́ tí àwọn olówó ọjọ́sí fi da owó jọ sójú kan, wọ́n pè é ní collective, ó di pé owó iṣẹ́ ni wọ́n ń san, ìpolówó ni wọ́n fi bò ó. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ fi fa ọmọ tí kò tíì wọlé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Tennessee àti ti Virginia pe NCAA lẹ́jọ́ ní January 2024, oṣù tó tẹ̀ lé e ni adájọ́ dá òfin náà dúró.

Ẹjọ́ House (orúkọ eléré tó pe NCAA lẹ́jọ́ ni House), tí adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní June 2025, ló wá ti yunifásitì fúnra rẹ̀ wọ inú ọjà. Bíi bílíọ̀nù 2.8 dọ́là ni wọ́n máa fi ọdún 10 san fún àwọn eléré àtijọ́. Láti July 2025, ilé ìwé tó bá wọ ètò náà lè pín tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Tẹ́lẹ̀, kóòṣì á jókòó ní pálọ̀, á jẹ oúnjẹ ìyá ọmọ, á búra pé bí ọmọ òun lòun á ṣe tọ́ ọ. Ó ṣì ń wá, ṣùgbọ́n ajẹ́ǹtì ló ń dá a lóhùn, "Èló?" ló sì ń kọ́kọ́ bi í. Àwọn ilé ìwé ńlá ti gba ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó ṣírò iye tó kan quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́, àti iye tó máa ṣẹ́ kù fún àwọn tó ń dáàbò bò ó.

Transfer portal ló le jù fún ọmọ ọdún 17. Àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ni, wọ́n ṣí i ní 2018: eléré tó bá fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé á fi orúkọ sí i, kóòṣì yòókù á rí i. Láti 2021, kò pọn dandan kó jókòó lọ́dún kan kó tó gbá bọ́ọ̀lù níbi tuntun. Láti 2024, iye ìgbà tó bá wù ú ló lè lọ, bí ìwé rẹ̀ bá ṣáà ti yanjú. Kóòṣì tí wọ́n lè lé lọ́dún méjì kò ní sùúrù à ń tọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún 22 tí gbogbo ayé ti rí bó ṣe ń ṣe é ni yóò náwó lé lórí. Àdéhùn House tún ní agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ ju 105 lọ nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn kan ń sọ pé owó yóò ba ọmọ jẹ́, àwọn mìíràn ń sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni; ọmọ tí ilé ìwé ń lé kiri ni àwọn méjèèjì ń jà lé lórí. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò dún mọ́ kò sí nínú iyàn náà.

Ọmọ Nàìjíríà ti wà nínú eré yìí tipẹ́: Hakeem Olajuwon kúrò l'Ékòó lọ sí Houston ní 1980, Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde sáré fún Yunifásitì UTEP ní Texas. Físà F-1 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè sábà máa ń lò, kò sì jẹ́ kí ènìyàn ṣiṣẹ́ níta ọgbà láìgbàṣẹ. Ìpolówó sì rèé, iṣẹ́ ni. Nígbà tí Yunifásitì Kentucky lọ gbá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ní Bahamas ní August 2022, Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò, lo àǹfààní náà láti ṣe iṣẹ́ ìpolówó rẹ̀ níbẹ̀, torí pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó parí rẹ̀, ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọkọ̀ òfurufú padà.