Bí ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe ń dé inú ìròyìn

Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá ti sọ lórí redio pé epo á tún wọ́n sí i, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní ó ti gbowó ni. Ẹlòmíì á ní rárá o, òun ló mọ̀ ọ́n jù ní gbogbo Nàìjíríà, ìdí tí wọ́n fi pè é nìyẹn. Àwọn méjèèjì ò mọ bó ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì tó ń dá sí ìròyìn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, kò sì ṣe é ní oore tó tó nǹkan lẹ́nu iṣẹ́, torí ìwé ìwádìí ló ń sọ olùkọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ti pé òun ló mọ̀ ọ́n jù yẹn ló máa ń bí èèyàn nínú. Ohun tí wọ́n fi ń yan onímọ̀ fún ìròyìn rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá gbé fóònù ni.

Ẹ wo ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2023, ọjọ́ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí dọ́là kan tí báńkì ń ṣẹ́ ní bíi 470 náírà fi fò kọjá 600. Akọ̀ròyìn tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́ mọ̀ pé olóòtú ń retí òun kílẹ̀ tó ṣú. Kò ráyè lọ wádìí ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣe ìwádìí lórí paṣípààrọ̀ owó. Inú fóònù rẹ̀ ló máa yà sí, níbi tó ti fi orúkọ àwọn èèyàn pamọ́ ní "Prof Owó", "Prof Òṣèlú", "Prof Ààbò". Ó pe ẹni àkọ́kọ́, ìyẹn wà ní kíláàsì. Ẹnì kejì ní kó fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí ìmeèlì òun, òun á fèsì tó bá di ọ̀la. Ọ̀la ti pẹ́ jù. Ẹnì kẹta ní, "Ó dáa, ẹ máa bi mí." Ó ti di onímọ̀ wa lọ́jọ́ náà nìyẹn. Tó bá wá tún jẹ́ ẹni tí Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, tó lè bá wọn ṣe ètò òwúrọ̀ lórí redio, ó tán. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè lórí náírà ní oṣù Kẹfà, tí àwọn ológun orílẹ̀-èdè Niger bá wá gbàjọba lọ́jọ́ 26 oṣù Keje, wọ́n á tún pè é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpè yẹn ló dùn ún wò jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní náírà lè fara balẹ̀ bí dọ́là epo rọ̀bì bá ń wọlé déédéé. Ó ní kò ní balẹ̀ bí àwọn tó kó dọ́là pamọ́ bá kọ̀ tí wọn ò kó o síta. Ó mẹ́nu ba bí ìjọba ṣe jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà lọ́dún 1986, àti ìdí tí ti ìsinsìnyí fi lè yàtọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ohun tó máa wà nínú ìwé ìròyìn kò ju pé ọ̀jọ̀gbọ́n ní náírà á ṣì já wálẹ̀.

Ògì ni wọ́n sẹ́ yẹn. Wọ́n da àgbàdo lílọ̀ sínú asẹ́, wọ́n ń bu omi sí i, wọ́n ń fọwọ́ rò ó. Èyí tó bá jò sísàlẹ̀ ni ògì, èyí tó kù lókè ni èèrí, ewúrẹ́ ló sì ni èèrí. Nínú ọ̀rọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n, èèrí ni "bí báyìí bá ṣẹlẹ̀", "ó ṣeé ṣe", "níbi tọ́rọ̀ dé lónìí". Asẹ́ akọ̀ròyìn kì í jẹ́ kí wọ́n kọjá, torí àyè gbólóhùn kan tàbí méjì ló ní. Kò ṣìkà. Ẹni tó ń mu ẹ̀kọ lówùúrọ̀ kò fẹ́ kí èèrí há òun lọ́fun. Ṣùgbọ́n inú èèrí yẹn gan-an ni ìmọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni nínú dánfó lè sọ pé náírà á já. "Bí báyìí bá ṣẹlẹ̀" lohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ wá ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Ká ní ilé iṣẹ́ ìròyìn ń sin ewúrẹ́ ni, àwọn ewúrẹ́ náà ì bá ti gboyè ọ̀mọ̀wé tipẹ́.

Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé, bó bá pẹ́, asẹ́ yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra wọn. Ẹni tí èèrí pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn ò ní pè é mọ́. Ẹni tó ń sọ ọ́ láìfi "ṣùgbọ́n" kún un, wọ́n á máa pè é ṣáá. Philip Tetlock, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, fi nǹkan bí ogún ọdún gba àsọtẹ́lẹ̀ tó lé ní 80,000 lẹ́nu onímọ̀ 284 tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ òṣèlú àti ọrọ̀ ajé. Nígbà tó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2005, ó hàn pé àwọn tí ilé iṣẹ́ ìròyìn ń wá jù ni àsọtẹ́lẹ̀ wọn sábà máa ń kùnà ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn tí wọ́n ń ṣe "ṣùgbọ́n, ṣùgbọ́n" ló sàn díẹ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú àtipààrọ̀ asẹ́. Ní London, Science Media Centre, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi mélòó kan lórí ọ̀rọ̀ tó bá délẹ̀, á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn akọ̀ròyìn lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù nìkan la máa gbọ́. The Conversation, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ọsirélíà lọ́dún 2011, tó sì dé Áfíríkà lọ́dún 2015, gba ọ̀nà míì. Olùkọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀ ló ń kọ àyọkà náà lórí ohun tó ń ṣèwádìí lé lórí, olóòtú á bá a tún un ṣe, kò sì ní jáde bí òǹkọ̀wé ò bá fọwọ́ sí i. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó ń náwó sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, torí ẹni tó ni àgbàdo ló kẹ́yìn wo ògì. Àmọ́ ó ń gba àkókò, olóòtú tó ń retí ìròyìn kílẹ̀ tó ṣú ò sì lè dúró dè é.

Nílẹ̀ wa, ètò redio tí wọ́n ń ṣe lójú ẹsẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko, àwọn olùgbọ́ ń pè wọlé, ògì àti èèrí ń jáde pọ̀. Àfi pé tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti dé ibi "ṣùgbọ́n" ni atọ́kùn ètò máa ń rántí pé ó ti tó àkókò fún ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.