Ṣé pípọ̀ tí ènìyàn ń pọ̀ ló ń ba àyíká jẹ́?

Bí odò bá gbẹ, bí igbó bá tán, bí ooru bá mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ ni pé ènìyàn ti pọ̀ jù láyé. Ó jọ òótọ́ lóòótọ́. Nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ni wá ní 1927. Ní oṣù kọkànlá 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde pé a ti pé bílíọ̀nù 8.

Ẹ wá wo Ṣáínà. Láti nǹkan bí 1980 títí di 2015, ìjọba ibẹ̀ fi òfin de ọ̀pọ̀ ìdílé pé ọmọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n bí. Láàárín 1980 sí 2022, iye àwọn ará ibẹ̀ fi díẹ̀ lé ní ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Èéfín kábọ́ọ̀nù wọn, èyí tó ń mú kí ayé gbóná, ńkọ́? Ó di ìlọ́po méje, ó tún lé. Ní 2022 yẹn gan-an ni iye wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, síbẹ̀ kò sí orílẹ̀-èdè tó ń tú èéfín jáde tó wọn. Èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ló fà á: òun ni wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná, òun ni wọ́n fi ń yọ́ irin. Apá kan nínú ọjà tí wọ́n sì fi iná yẹn ṣe, òkèèrè ló ń lọ. Ẹni tí kò bímọ rárá ní ilẹ̀ mìíràn, tó ń ra ọjà náà, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun tí ènìyàn kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ kò dọ́gba. Tí a bá pín èéfín Amẹ́ríkà kárí àwọn ará ibẹ̀, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ní orílẹ̀-èdè Niger, tó wà lára ibi tí obìnrin ti ń bímọ jù lọ láyé, kò tó ìdajì tọ́ọ̀nù. Ó máa ń dùn mí gan-an tí wọ́n bá ń nàka sí ìyá ọlọ́mọ mẹ́fà tí kò ní iná mànàmáná nílé pé òun ló ń ba ayé jẹ́.

Kódà, ọ̀pọ̀ ọwọ́ lè tún ilẹ̀ ṣe. Ní Machakos, ní Kẹ́ńyà, àwọn òyìnbó amúnisìn sọ ní àwọn ọdún 1930 pé ọ̀gbàrá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilẹ̀ ibẹ̀ tán. Nígbà tó fi máa di 1990, iye ènìyàn ibẹ̀ ti ju ìlọ́po márùn-ún lọ, ọ̀gbàrá sì ti dín kù, torí pé àwọn àgbẹ̀ gé ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìpele-ìpele, wọ́n sì gbin igi.

N kò sọ pé iye ènìyàn kò já mọ́ nǹkan. Níbi tí omi kò ti tó, tàbí tí ilẹ̀ tó yẹ kó sinmi ti di èyí tí wọ́n ń dá lọ́dọọdún láìsí ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà le. Ṣùgbọ́n ìbímọ ti ń dín kù fúnra rẹ̀: ní àwọn ọdún 1960, nǹkan bí ọmọ márùn-ún ni obìnrin kan ń bí káàkiri ayé, báyìí, kò tó méjì ààbọ̀. Ilé ìwé fún ọmọbìnrin, ìtọ́jú tí kì í jẹ́ kí ọmọ kú ní kékeré, àti ìfètò sọ́mọ bíbí ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, iye wa ṣì máa pọ̀ sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí àwọn tó máa di ìyá lọ́la ti wà nílẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá ní kí iye ènìyàn kọ́kọ́ dín kù ká tó fọwọ́ kan èédú àti epo rọ̀bì, apá kan nínú èéfín tí a ń tú jáde bó ṣe ń dúró yẹn ṣì máa wà lójú ọ̀run fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.