Ìdí tí Omeprazole fi ń Ṣáájú Oúnjẹ Àárọ̀

Omeprazole wà lára oògùn tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú, tàbí ẹni tí omi kíkan inú rẹ̀ máa ń ru wá sí ọ̀nà ọ̀fun tí àyà sì ń ta á. Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó bí ẹni ń lo oògùn olómi funfun tó ń pa ásíìdì lójú ẹsẹ̀: ìgbà tí inú bá ta wọ́n ni wọ́n ń wá káàdì oògùn kiri. Bí ara kò bá tù wọ́n láàárín wákàtí kan, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn. Oògùn náà sì lè jẹ́ ojúlówó, kó jẹ́ pé àkókò tí wọ́n gbé e mì ni kò bá a mu.

Lára ògiri ikùn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń da ásíìdì sínú ikùn kí oúnjẹ lè dà. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí fi ń ti ásíìdì jáde dà bí pọ́ǹpù kéékèèké. Lẹ́yìn tí ènìyàn ti sùn mọ́jú láìjẹun, púpọ̀ nínú àwọn pọ́ǹpù náà ló ń sinmi, oúnjẹ ló sì ń jí wọn. Omeprazole kò lè mú èyí tó ń sinmi. Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló ń dè mọ́lẹ̀. Kì í sì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí kí wákàtí kan tó pé, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí a gbé e mì ní 30 sí 60 ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, kó lè jẹ́ pé nígbà tí ẹ̀kọ àti àkàrà bá ń jí àwọn pọ́ǹpù, oògùn ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n. Pọ́ǹpù tó bá ti dè kì í ṣiṣẹ́ mọ́, ara ní láti ṣe òmíràn, nítorí náà ni agbára kápúsù kan fi ń kọjá ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn kì í jí pọ̀. Ó lè gba ọjọ́ 1 sí 4 kí ara tó tuni dáadáa. Ẹni tó bá gbàgbé ti àná kò gbọdọ̀ gbé méjì mì lónìí.

Ásíìdì tí oògùn yìí ń bá jà lè ba òun náà jẹ́ kó tó débi iṣẹ́. Bí a bá tú kápúsù wò, a ó rí hóró wínníwínní, tí wọ́n fi nǹkan bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kó má bàa yọ́ títí yóò fi dé ìfun. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lẹ́nu tàbí tó lọ̀ ọ́ ti ba ìbòrí náà jẹ́. Fún ọmọdé tàbí àgbàlagbà tí kò lè gbé kápúsù mì, apòògùn ni kí a bi bóyá irú èyí tó wà lọ́wọ́ ṣeé tú sínú oúnjẹ rírọ̀.

Kí dókítà tó kọ ọ́, ó yẹ kó gbọ́ nípa gbogbo oògùn mìíràn tí ènìyàn ń lò. Ó ń dín agbára clopidogrel tí àwọn alárùn ọkàn ń lò kù, kò sì gbọdọ̀ bá rilpivirine tó wà fún àrùn HIV pàdé rárá. Bí a bá lò ó fún ọdún pípẹ́, ó lè dín fítámì B12 àti magnesium kù lára, egungun sì lè tètè máa ṣẹ́. Ẹni tó lò ó pẹ́ tó wá dá a dúró lójijì lè rí i kí ásíìdì tún ya jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, kó sì rò pé àìsàn ọ̀hún ti burú sí i. Dókítà lè ní kó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, èébì ẹlẹ́jẹ̀, oúnjẹ tó ń há lọ́nà ọ̀fun àti ara tó ń rù láìnídìí kì í ṣe ohun tí à ń fi kápúsù bò mọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́jọ́ náà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó ní láti sọ fún dókítà.