Àfarawé oníṣirò ni, kì í ṣe àwòkọ́ṣe

Inú máa ń bí mi tí mo bá ń kàwé lórí ìmọ̀ ọpọlọ tí mo sì pàdé "àwòkọ́ṣe oníṣirò", tí wọ́n fi ń túmọ̀ "computational model" ti Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ìṣirò tí a kọ láti ṣe bí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe. Àwòkọ́ṣe ni ohun tí èèyàn ń wò kí ó lè mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ta ló wá ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ta níbí? Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó mú gègé. Ìṣirò ló ń wo sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń fara wé e. Àfarawé oníṣirò ni mo ń pè é, n kò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn kan ní "mọ́dẹ́ẹ̀lì" ti tó. Kò tó, kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Àpẹẹrẹ" ńkọ́? Àpẹẹrẹ sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ kan tí a mú nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ìdọ́gba (equation) tí a fi ń ṣírò kì í sì í ṣe sẹ́ẹ̀lì. Àtakò tó le jù ni pé àfarawé jọ ayédèrú. Rárá o! Ayédèrú fẹ́ kí ẹ gbà pé òun ni ojúlówó. Ẹni tó ń fara wé ẹlòmíràn kò pe ara rẹ̀ ní onítọ̀hún, ibi tí ìfarawé náà bá sì ti tàsé gan-an ni onímọ̀ ti ń rí ohun tó kù láti wádìí.

Àfarawé kan rèé: ẹ wo ìkòkò tó ní ihò tíntìntín nídìí, tí omi ń kán sí. Bí omi bá ń kán díẹ̀díẹ̀, yóò jò tán. Bí ó bá ń kán léraléra, yóò ga dé ojú àmì, ìkòkò yóò dà á nù lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìkòkò ni sẹ́ẹ̀lì, omi ni iná mànàmáná tó ń wọ inú rẹ̀, ìdànù yẹn ni iṣẹ́ tó ń rán sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Louis Lapicque, ará Faransé, ló fi ìpìlẹ̀ èrò yìí lélẹ̀ ní 1907.

Ní 1952, Alan Hodgkin àti Andrew Huxley, onímọ̀ méjì ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìdọ́gba mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n wọn iná tó ń gba okùn ńlá kan tó jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ kiri lára squid, ẹran inú òkun kan. Ìdọ́gba wọn bá ìwọ̀n mu nígbà tí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé nǹkan mẹ́rin gbọ́dọ̀ bọ́ sí ipò pọ̀ kí ọ̀nà tó là lára sẹ́ẹ̀lì fún pòtásíọ̀mù, èròjà kan tó ń gbé iná. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò tíì fojú rí ilẹ̀kùn kankan níbẹ̀. Ní 1998, ilé ìwádìí Roderick MacKinnon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi ìrísí ilẹ̀kùn pòtásíọ̀mù kan hàn: ẹ̀yà mẹ́rin ló so pọ̀ di ilẹ̀kùn náà.