Owó severance àwọn òṣìṣẹ́ Nigeria Airways

Owó severance Nigeria Airways, ìyẹn owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn láìtọ́jọ́, ni owó tí ìjọba àpapọ̀ jẹ àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ìjọba Nàìjíríà nígbà tí wọ́n kógbá ẹ̀ wọlé ní 2003, láyé Ọbásanjọ́. Ọdún 1958 ni wọ́n dá a sílẹ̀ lórúkọ WAAC Nigeria, ó di Nigeria Airways ní 1971.

Ohun tí òfin sọ

Abala 20 nínú Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ló sọ̀rọ̀ dídín òṣìṣẹ́ kù. Ó ní ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó fún yúníọ̀nù, ẹni tó dé kẹ́yìn ni kó kọ́kọ́ máa lọ (àmọ́ wọ́n lè wo ẹni tó mọṣẹ́ jù), kí ọ̀gá sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa gbà, ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye kankan o. Abala tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà dé ni 91, tó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ kúrò lára ẹni tí òfin yẹn ń pè ní òṣìṣẹ́, torí náà ó jọ pé páílọ́ọ̀tì àti ẹnjiníà ò lè di abala 20 mú, àfi kí wọ́n lọ wo ìwé àdéhùn tiwọn àtèyí tí yúníọ̀nù tọwọ́ bọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, níbi tí wọ́n bá ti ti ilẹ̀kùn pátápátá, ọ̀rọ̀ ẹni tó dé kẹ́yìn ò tiẹ̀ wúlò mọ́, àtàgbà àtọmọdé ló jọ ń lọ sílé.

Severance kì í ṣe gírátúítì. Gírátúítì wà fún ọdún téèyàn ti fi sìn, severance wà fún iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ láìtọ́jọ́. Nínú ọ̀rọ̀ Nigeria Airways, wọ́n sábà máa ń pa méjèèjì pọ̀ mọ́ pẹ́ńṣọ̀n.

Bí wọ́n ṣe san án

Ní 2018 ni ìjọba Buhari tú nǹkan bíi bílíọ̀nù 22 náírà sílẹ̀, ìyẹn bí ìdajì bílíọ̀nù 45 tí wọ́n fọwọ́ sí. Oṣù October ni àyẹ̀wò àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Kano àti Enugu. Ọdún 15 ti lọ, ẹni tó jẹ́ ẹni 50 ọdún nígbà yẹn ti di ẹni 65, àwọn míì ti kú, ọmọ tàbí opó wọn ló wá tò sórí ìlà, pẹ̀lú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ olóògbé, ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé kóòtù tó fi hàn pé àwọn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún, bẹ́ẹ̀ ìwé kóòtù yẹn gan-an, owó ni wọ́n fi ń gbà á.

PHCN

Ti PHCN, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ìjọba nígbà náà, yàtọ̀. Yúníọ̀nù ibẹ̀ ta kú pé kí owó kọ́kọ́ wọlé ná kí wọ́n tó gbé iléeṣẹ́ fún àwọn aládàáni ní ọjọ́ 1 oṣù November 2013, ọ̀pọ̀ wọn ò sì pẹ́ kí wọ́n tó rí tiwọn gbà tó àwọn ti Nigeria Airways.