Táyà Wo Ló Yẹ Mazda MX-5 Àkọ́kọ́?

Táyà ọkọ̀ asáré tó ti dàgbà kì í sábà jẹ tán kó tó bàjẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé jáde lọ́jọ́ Àìkú tí oòrùn bá ràn, tó sì ń sùn nínú gáréèjì láti October di March, lè lo ọdún 12 kí ojú táyà rẹ̀ má tíì jẹ dé ìdajì. Ẹni tó bá dúró lókèèrè wò ó á ní táyà ọ̀hún ṣì wà digbí. Ṣùgbọ́n tí a bá fi èékánná tẹ ojú rẹ̀, kò ní wọlé. Tí a bá sì tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí rọ́bà ti pàdé rímù, a máa rí ìlà wẹ́wẹ́ bíi ti gìgísẹ̀ tó sán nígbà ọyẹ́.

Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń po ìda àti kẹ́míkà mọ́ rọ́bà kí afẹ́fẹ́ àti oòrùn má baà tètè bà á jẹ́. Bí táyà bá ṣe ń yí, tó ń tẹ̀, tó ń nà, bẹ́ẹ̀ ni ìda yìí á máa yọ bọ̀ síta díẹ̀díẹ̀, á sì bo rọ́bà lójú. Táyà tó dúró sójú kan fún oṣù márùn-ún kò rí nǹkan tó máa ti ìda náà jáde, nítorí náà àìrìn ọkọ̀ gan-an wà lára ohun tó ń sọ ọ́ di arúgbó. Rọ́bà tó ti le kò lè di ojú títì mú tí òjò bá rọ̀. MX-5 sì rèé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Ìdí ọkọ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Níbi àfihàn ọkọ̀ ní Chicago, ní February 1989, ni Mazda ti kọ́kọ́ fi ọkọ̀ yìí han aráyé, wọ́n sì ṣe irú àkọ́kọ́ rẹ̀ títí di 1997. Miata ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, Eunos Roadster ni orúkọ rẹ̀ ní Japan. Ní Britain, ó ṣì pọ̀ lójú títì. Ìwúwo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 950 sí 1,000 lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ọgbọọgba láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí wọ́n ń ṣe lórí táyà rẹ̀ ló jẹ́ pé wọ́n gbàgbé bó ṣe fúyẹ́ tó.

Ọjọ́ orí ni kí a kọ́kọ́ wò kó tó kan orúkọ ilé iṣẹ́. Wọ́n máa ń kọ DOT sí ẹ̀gbẹ́ táyà, lẹ́tà àti nọ́ńbà á sì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ ìbí rẹ̀: 3519 ni ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2019. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà mẹ́rin yìí sábà máa ń wà. Tí a kò bá rí i níta, àfi ká dùbúlẹ̀ ká wo inú. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, wọ́n ti ṣe táyà náà kí ọdún 2000 tó dé. Búùtù ni wọ́n ti máa ń bá irú rẹ̀ pàdé nínú MX-5: ẹ́sítírà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, T115/70D14, tó ń gba afẹ́fẹ́ 60 psi. Ojú rẹ̀ á máa dán nítorí kò fẹsẹ̀ kan títì rí. Àmọ́ ó ti lé ní ọdún 25 tó ti wà níbẹ̀, ẹni tó bá gbé e sára ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan lórí mọ́tòwéè ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ táyà ní kí wọ́n máa yẹ táyà wò lọ́dọọdún tó bá ti lo ọdún 5, kí wọ́n sì yọ ọ́ tó bá pé ọdún 10, bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣì jìn tó. Fún ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi eré wọ kọ́nà, ọdún 6 tàbí 7 ti tó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń ra tuntun, kí wọ́n ka DOT kí fọkanáísà tó gbé táyà sórí ẹ̀rọ, nítorí èyí tó ti sùn sí sítọ́ọ̀ fún ọdún mẹ́ta ti jẹ nínú ọjọ́ ayé tí wọ́n ń sanwó lé lórí. Ní ti táyà tọ́kúnbọ̀, ó wà ní Britain náà: òfin ní kí ojú rẹ̀ ṣì jìn tó mílímítà 2 ó kéré tán, kí wọ́n sì tẹ PART-WORN sí i lára. Ìyẹn kò sọ bóyá ó ti gbá kòtò rí tàbí wọ́n ti fi í rìn láìní afẹ́fẹ́. Kí wọ́n má yà síbẹ̀ rárá.

Ó wá kan ìwọ̀n. 185/60R14 82H ló bá MX-5 yìí wá. 185 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 60 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 60 nínú 100 fífẹ̀ náà, tó jẹ́ mílímítà 111. R ń sọ pé okùn inú rẹ̀ gba ìbú láti etí kan dé ìkejì. 14 ni ìnṣì rímù. 82 ni ẹrù tí táyà kan lè rù, kílò 475. H ni eré tó lè gbà, kìlómítà 210 ní wákàtí kan, ọkọ̀ yìí kò sì lè sá a dé ibẹ̀. T, tó jẹ́ 190, sún mọ́ ibi tí agbára ọkọ̀ dé jù. Lára àwọn ọkọ̀ asáré mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, lẹ́tà eré lè wà láàárín ìwọ̀n, bíi 205/55VR16. VR ìgbà yẹn túmọ̀ sí ohun tó ju 210 lọ. V tòní dúró sí 240.

Ẹni tó bá fẹ́ kúrò lórí rímù 14 bọ́ sí 15 gbọ́dọ̀ ṣírò gíga táyà látòkè délẹ̀. Ìlọ́po méjì 111 jẹ́ 222. Rímù ìnṣì 14 jẹ́ mílímítà 355.6, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 577.6. Táyà 195/50R15 jẹ́ 576. Aago eré kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, ìwọ̀n yìí náà sì ni Mazda fúnra rẹ̀ fi sára àwọn kan nínú irú kejì. 205/50R15 jẹ́ 586, òun náà ṣì fara rọ. Èyí tó ń kó èèyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ni 195/55R15, torí ó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì jọ èyí tó tọ́. 595.5 ni tirẹ̀, ó fi ìdá 3 nínú 100 ga jù. Jíà á gùn, ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára púpọ̀ tẹ́lẹ̀ á dà bí ẹni tó rẹ̀, aago á sì máa ka eré dín sí bó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Òfin Britain kò sì fàyè gba aago tó ń ka eré kéré sí bí ọkọ̀ ṣe ń sá.

Rímù 16 àti 17 máa ń wu ojú, kò sì sẹ́ni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ òun dùn ún wò. Ohun tó ń gbé lọ ni mílímítà 111 ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn. Ó wà lára sípírìn ọkọ̀: àwọn tó ṣe ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí ti kà á mọ́ ọn kí wọ́n tó yan ṣọ́ọ̀kì. Tí ẹ̀gbẹ́ bá di pẹlẹbẹ, tí rímù sì wúwo, sítíárìn á le, ọkọ̀ á máa tẹ̀ lé gbogbo ìlà tí ọkọ̀ akẹ́rù ti fà sójú títì, gbogbo kòtò á sì máa dé ìdí ẹni tó jókòó.

Rímù 14 ní ìṣòro tirẹ̀ o. Púpọ̀ nínú táyà 185/60R14 tó wà lọ́jà ni wọ́n ṣe fún ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé: rọ́bà rẹ̀ le kó lè pẹ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ibi 15 ni táyà tó mọ̀ ọ́n di kọ́nà mú ti pọ̀. Fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbafẹ́, 14 pẹ̀lú táyà tó dára tó. Fún ẹni tó ń sá a ní pápá eré, 195/50R15.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ pípẹ́ ti wọlé. Lára táyà tó bá gba ọjà Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kọ TREADWEAR pẹ̀lú nọ́ńbà: 200, 300, 500. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni rọ́bà ṣe rọ̀ tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń dán tirẹ̀ wò, a kò lè fi 300 tibí wé 300 tọ̀hún tán. Ọkọ̀ tó ń rin kìlómítà 4,000 lọ́dún á rin 28,000 ní ọdún méje. Táyà 500 á di arúgbó lára rẹ̀ kó tó jẹ tán. Ẹ̀mí gígùn tí wọn kò ní lò ni wọ́n fowó rà, ìdìmú ni wọ́n sì fi pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sáré lọ sí 200 náà. Ó ń fẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná kó tó di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ tí kò tó tọ́ọ̀nù kan kì í sì tètè mú un gbóná ní àárọ̀ tútù. Nǹkan bíi 300 ló bá a mu. Lórí àmì ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ táyà tuntun, lẹ́tà tó wà fún ilẹ̀ tútù ni kí wọ́n wò. A tàbí B ni kí wọ́n mú.

Táyà tí wọ́n kọ XL sí, kí wọ́n fi í sílẹ̀ tí òmíràn bá wà. Wọ́n ti fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókun fún ọkọ̀ tó wúwo. Kílò bíi 250 péré ni táyà MX-5 kọ̀ọ̀kan ń rù, èyí kò lè tẹ XL wọlé, ọkọ̀ á sì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lójú ọ̀nà tí kò dán.

Kí wọ́n tó yọ táyà àtijọ́, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú rẹ̀ wọlé, kí wọ́n tún rà á bọ̀ síta. Tó bá ń ha ọwọ́ níbi tí à ń rà á lọ, tó sì ń yọ̀ níbi tí à ń rà á bọ̀, táyà méjèèjì kò kọjú síwájú bó ṣe yẹ. Tí àárín bá jẹ ju etí lọ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ ní kòtò-kòtò, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Tí etí inú táyà ẹ̀yìn bá sì ti pá nígbà tí ìyókù ṣì wà, aláínmẹ́ǹtì ni. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin MX-5 ló ṣeé tún tò, pẹ̀lú bóòtì gígùn tó ní àwo tí ihò rẹ̀ kò sí láàárín gan-an. Bí bóòtì bá yí, apá ìsàlẹ̀ á sún wọlé tàbí síta. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Britain nígbà òtútù máa ń wọ inú irin bọ́ọ̀ṣì, á sì mú bóòtì yìí ní ìpata títí kò ní yí mọ́. Kí wọ́n dán bóòtì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò kí wọ́n tó ra táyà. Èyí tó bá ti há, ẹ̀rọ ìgé ló kù, pẹ̀lú bóòtì àti bọ́ọ̀ṣì tuntun. Táyà tuntun tí wọ́n bá fi sórí ẹsẹ̀ tí kò tò, etí inú rẹ̀ ni yóò tún kọ́kọ́ lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, jáàkì ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣọ́. Etí irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ní àmì méjì tó gé wọlé lápá iwájú àti lápá ẹ̀yìn. Àárín àmì yẹn ló le. Jáàkì tí wọ́n bá fi sí ibòmíràn á tẹ irin wọlé, ọ̀dà á bó, ìpata á bẹ̀rẹ̀. Kí fọkanáísà fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí táyà ti ń jókòó sí rímù, torí funfun bí ẹfun tó máa ń wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa yọ́ jò. Fáàfù tuntun ni kó lò. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí wọ́n kọ OUTSIDE sí gbọ́dọ̀ kọjú síta, tó bá sì jẹ́ ọfà ló wà lára rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí táyà ń yí sí. Sípánà tó ń ka agbára ni kí wọ́n fi de nọ́ọ̀tì rímù, Nm 88 sí 118, kí wọ́n máa dè wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn, kí wọ́n sì tún wọn yẹ̀ wò lẹ́yìn bíi kìlómítà 80. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó jẹ́ irú kan náà. Tó bá jẹ́ méjì lowó ká, ẹ̀yìn ni kí tuntun wà.

Lẹ́yìn èyí ni fọkanáísà á fọn 34 tàbí 36 sí i, torí ohun tó ń fọn sí gbogbo ọkọ̀ nìyẹn. 26 psi ni MX-5 ń fẹ́, níwájú àti lẹ́yìn, kí táyà sì tutù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́. Kìlómítà 300 àkọ́kọ́, kí wọ́n rọra máa wọ kọ́nà, torí òróró tí wọ́n fi yọ ọ́ nínú mọ́ọ̀dù ṣì wà lójú rẹ̀. Tó bá sì di October, kí wọ́n fọn ọ́ dé 35 kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà tẹ́ pẹrẹsẹ, kí wọ́n máa ti ọkọ̀ síwájú díẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n sì dá a padà sí 26 kó tó jáde ní March.