Gíà Ọ́tò Inú Píkọ́ọ̀pù Tó Ti Pẹ́: Bí A Ṣe Ń Mọ Ibi Tó Ti Bàjẹ́ Kí A Tó Tú U

Gíà ọ́tò kì í bàjẹ́ láìsọ̀rọ̀. Gíà kejì lè wọlé kí ẹ̀kẹta kọ̀. Rìfáàsì lè sọnù kí iwájú ṣì máa lọ. Ọkọ̀ lè máa gbọ̀n ní ìwọ̀n eré kan péré, kó sì dákẹ́ bí eré bá ti kọjá ibẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ohun tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀, ìdáhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń gbọ́: "Gíà ti lọ, ẹ lọ ra òmíràn." Owó ńlá ló ń bá ìdáhùn yẹn rìn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ fíùsì kékeré kan ló jó.

Gíà tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níbí ni 4L60-E ti General Motors, èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ Chevrolet Silverado àti GMC Sierra tí wọ́n ṣe láti 1999 sí 2013, tó sì wà nínú Tahoe pẹ̀lú. Inú 700R4 tó jáde ní 1982 ló ti wá. Ní 1993 ni wọ́n gbé ìdarí rẹ̀ lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní 4L60-E. Gíà iwájú mẹ́rin ló ní. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka tirẹ̀ lè fi ọ̀nà kan náà ka ti Ford tàbí Toyota, bí orúkọ àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ bá tiẹ̀ yàtọ̀.

Nínú gíà máńúà, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà tó sì ń dá a padà. Nínú gíà ọ́tò, ọ́ìlì ló ń ṣe é. Pọ́ǹpù kan wà níwájú gíàbọ́ọ̀sì tí kọ̀nfátà ń yí, ìyẹn ẹ̀yà tó kún fún ọ́ìlì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà. Ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí kọ̀nfátà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, pọ́ǹpù kú, ọ́ìlì ò lágbára mọ́. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ti irú ọkọ̀ yìí kó tó ṣíná. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù bá fún ló ń gba inú pátákó irin kan kọjá, tí ọ̀nà tóóró pọ̀ nínú rẹ̀ bí ilé ikán. Ibẹ̀ ni àwọn sọ́lẹ́nọ́ìdì, ìyẹn fáàfù kéékèèké tí iná ń darí, ti ń ṣílẹ̀kùn tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn, bí kọ̀ǹpútà bá ṣe pàṣẹ. Ọ́ìlì yóò wá lọ tẹ kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní kó tẹ̀, ìyẹn àwọn àwo irin tó ní awọ lára tí wọ́n máa ń dì mọ́ra. Márùn-ún ni kílọ́ọ̀ṣì inú 4L60-E, pẹ̀lú bẹ́ǹdì kan ṣoṣo, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó yí ìlù kan ká bí ìgbànú. Àwọn eyín gíà fúnra wọn kì í kúrò lára ara wọn. Ohun tó ń yí padà ni èwo tí wọ́n dì mú àti èwo tí wọ́n tú sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa ohun tí wọ́n dì mú yìí ni gbogbo àyẹ̀wò dúró lé. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ohun méjì wà tó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Èkínní ni ọ́ìlì. Gééjì gíà kò dà bíi ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná, kó sì wà lórí iṣẹ́, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹsẹ̀ lórí bírékì, kí a rọra gbé lífà gba gbogbo ipò rẹ̀ kọjá kó tó padà sí P. Ìgbà náà la tó máa fa gééjì yọ. Ẹni tó bá pa ẹ́ńjìnnì kó tó wò ó yóò rí ọ́ìlì tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí pé èyí tó wà nínú kọ̀nfátà ti ń ṣàn padà sísàlẹ̀, yóò sì rò pé ó pé nígbà tí kò pé. Ọ́ìlì tó bá dín kù ti jò síta ni, nítorí ATF, ìyẹn ọ́ìlì gíà ọ́tò, kì í jó tán bíi ti ẹ́ńjìnnì. Àfi àwọn píkọ́ọ̀pù àgbà gan-an tó ní gíà àtijọ́ TH350 tàbí TH400: rọ́bà kan wà nínú ẹ̀yà kékeré tí wọ́n fi páìpù so mọ́ ẹ́ńjìnnì, bí ó bá ya, ẹ́ńjìnnì á máa fa ATF mu, èéfín funfun á máa gba sàlẹ́ńsà jáde. Ọ̀pọ̀ ti tú ẹ́ńjìnnì nítorí èéfín yẹn, bẹ́ẹ̀ gíà ló ni ẹ̀ṣẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àwọ̀ àti òórùn. Pupa tó mọ́ dára. Dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jó túmọ̀ sí pé kílọ́ọ̀ṣì kan ti ń yọ̀, ó sì ti jóná. Èyí tó burú jù ni ọ́ìlì tó rí bí ògì tí wọ́n po osùn mọ́: omi rédíétọ̀ ti wọ inú gíà nìyẹn. Inú rédíétọ̀ ni páìpù tó ń tu ọ́ìlì gíà lára wà, bí ó bá sì ti jò nínú, omi àti ọ́ìlì á pàdé. Omi yẹn máa ń tú gọ́ọ̀mù tó di awọ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ irin. Nissan Frontier, Xterra àti Pathfinder ti 2005 sí 2010 ni wọ́n mọ̀ jù fún àìsàn yìí, ṣùgbọ́n kò sí rédíétọ̀ àgbà tí kò lè ṣe é. Ọkọ̀ tí a bá rí irú ọ́ìlì yìí nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́ rárá, kódà kó jẹ́ láti ibi tó wà dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Èkejì ni iná. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò tí a ń ki ẹ̀rọ ìskáànì bọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí sọ́lẹ́nọ́ìdì 4L60-E kò bá rí iná, gíà kẹta ló máa ń sá lọ. Awakọ̀ á tẹ iná, ìyẹn pẹ́dà eré, ọkọ̀ á máa fà tìkọ̀tìkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ. Kò yani lẹ́nu, nítorí gíà kìíní ń sọ agbára di ìlọ́po 3.06 nígbà tí ẹ̀kẹta ń gbé e bó ṣe wà. Kò ní pààrọ̀ gíà, ṣùgbọ́n rìfáàsì á wọlé dáadáa. Bí ẹ̀rọ ìskáànì bá gbé kọ́ọ̀dù P0753 àti P0758 jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe sọ́lẹ́nọ́ìdì méjì tó ń pààrọ̀ gíà, sọ́lẹ́nọ́ìdì méjì kì í sábà kú ní ọjọ́ kan. Fíùsì, wáyà, tàbí púlọ́ọ̀gì ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíàbọ́ọ̀sì ni ká kọ́kọ́ lọ wò. Ọ́ìlì tàbí ìpẹtà máa ń wọ inú púlọ́ọ̀gì yẹn. Iṣẹ́ rewáyà nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń tú gíà.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré ọkọ̀ náà yẹ ní wíwò. Ẹ̀yìn gíà ló wà nínú ọkọ̀ tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì. Nínú èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ara transfer case ló wà, ìyẹn ẹ̀yà tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Tí abẹ́rẹ́ eré ojú dáṣíbọ́ọ̀dù kò bá gbéra, tí gíà kò sì pààrọ̀ bó ṣe yẹ, sẹ́ńsọ̀ yìí la ó kọ́kọ́ fura sí. Owó rẹ̀ kò jọ owó gíà rárá.

Bí ọ́ìlì bá pé tó sì mọ́, tí iná sì dára, ó di ká gbé ọkọ̀ jáde, ká sì máa kọ ohun tó bá ṣe sílẹ̀.

Ohun tí gíà kọ̀ọ̀kan ń lò nìyí. Gíà kìíní ń lo kílọ́ọ̀ṣì fọ́wáàdì, pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà tó ń yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn kì í yí padà sẹ́yìn. Ní gíà kejì, fọ́wáàdì ṣì wà, bẹ́ǹdì wá dì. Ní ẹ̀kẹta, bẹ́ǹdì tú, kílọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní 3-4 wá wọlé. Ní ẹ̀kẹrin, 3-4 kò kúrò, bẹ́ǹdì sì padà wá. Rìfáàsì kò lo fọ́wáàdì. Kílọ́ọ̀ṣì méjì mìíràn ló ń gbé e.

Ó di ìṣirò. Ká ní gíà kìíní àti ìkejì dára, rìfáàsì dára, ṣùgbọ́n bí ó bá tó àkókò àtibọ́ sí ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì á ké sókè, ọkọ̀ ò sì ní sáré sí i. Ẹ̀kẹrin náà kò sí. Kí ni ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin jọ ń lò tí àwọn yòókù kò lò? Kílọ́ọ̀ṣì 3-4. Òun ló ti jóná, òun náà sì ni àìsàn tí wọ́n mọ gíà yìí mọ́ jù lọ. Nínú 700R4, tí kọ̀ǹpútà kò tíì darí, kébù kan wà láti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gba afẹ́fẹ́ wá sí gíà. Òun ló ń sọ iye agbára tí ọ́ìlì gbọ́dọ̀ ní. Bí ẹnì kan bá tú kébù yẹn láti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tí kò sì fà á dáadáa padà, ọ́ìlì kò ní lágbára tó, 3-4 á sì jóná láìpẹ́. Ẹni tó ra gíà mìíràn tí kò tún kébù náà ṣe yóò tún jó ìyẹn náà.

Ká ní ìkejì àti ẹ̀kẹrin ló sọnù, ìkíní àti ẹ̀kẹta wà, rìfáàsì wà. Bẹ́ǹdì ni, tàbí písítìnì kékeré tó ń tì í. Ṣùgbọ́n bí rìfáàsì bá bá ìkejì àti ẹ̀kẹrin lọ, ó kúrò ní ọ̀rọ̀ bẹ́ǹdì. Ìlù irin fẹ́lẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní sun shell, tó so gíà àárín pọ̀ mọ́ ìlù tí bẹ́ǹdì ń dì mú. Ìkejì, ẹ̀kẹrin àti rìfáàsì ló nílò rẹ̀. Eyín ọrùn rẹ̀ máa ń jẹ tán, nígbà mìíràn láìsí ìkìlọ̀ kankan: ọkọ̀ tó lọ dáadáa ní àárọ̀ lè má lè padà sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́. Nínú ọ̀ràn yìí, ọ́ìlì lè pupa kó mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ìyẹn ló sì ń tan mẹkáníìkì jẹ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń fi èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀.

Bí rìfáàsì nìkan bá kọ̀, kí a wá ibi tó dà gẹ̀rẹ́, kí a fi lífà sí 1, kí a rọra máa sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá di ọkọ̀ mú, ọ̀kan nínú kílọ́ọ̀ṣì méjì tí rìfáàsì ń lò ṣì dára, nítorí òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ní 1. Ìkejì rẹ̀ ló bàjẹ́. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti lọ ní D ṣùgbọ́n tó lọ bí a bá fi lífà sí 1, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tó ń yí sí ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti já.

Bí ọkọ̀ kò bá lọ síwájú tí kò sì padà sẹ́yìn, àwọn èèyàn máa ń rò pé gíà ti kú tán. Kí a kọ́kọ́ wo abẹ́ ọkọ̀: ṣé kébù lífà ò tíì já? Bí ó bá jẹ́ èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, ṣé transfer case kò sí ní N? Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ fílítà tó dí, pọ́ǹpù tàbí kọ̀nfátà tó kú.

Gbígbọ̀n tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ní nǹkan bí máìlì 40 sí 50 láàárín wákàtí kan, kílọ́ọ̀ṣì inú kọ̀nfátà máa ń dì kí agbára má baà ṣòfò. Bí ó bá ń yọ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tó ń gun ojú títì tó kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì tí kò tanná dáadáa máa ń fa irú gbígbọ̀n yìí gan-an. Ìyàtọ̀ wọn rọrùn: bí ó ti ń gbọ̀n, kí ẹsẹ̀ kan wà lórí iná, kí ìkejì kan bírékì díẹ̀. Kọ̀ǹpútà máa ń tú kílọ́ọ̀ṣì kọ̀nfátà bí a bá ti fẹsẹ̀ kan bírékì. Bí gbígbọ̀n bá dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kọ̀nfátà tàbí fáàfù tó ń darí rẹ̀ ni. Nínú 4L60-E, P1870 ni kọ́ọ̀dù tó sábà bá a rìn, ihò fáàfù tó ti fẹ̀ nínú pátákó irin yẹn ló sì sábà fà á.

Ẹ̀yìn gbogbo èyí ló yẹ ká tú páànù ìsàlẹ̀. Bóòtù 16 ló dì í mú. Mágínẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀. Ẹrẹ̀ eérú díẹ̀ lára mágínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe nǹkan. Ìgbó ara irin tó ń yí ni. Ẹ̀rún dúdú tó pọ̀ jẹ́ awọ kílọ́ọ̀ṣì. Ègé irin tàbí idẹ wẹ́wẹ́ túmọ̀ sí pé nǹkan líle ti ń jẹ ara rẹ̀, kò sì sí ọ́ìlì tuntun tó lè wò ó sàn. Ọ́ìlì tó bá dà sílẹ̀ nígbà tí a tú páànù kò tó ìdajì gbogbo èyí tó wà nínú gíà. Ìyókù wà nínú kọ̀nfátà àti páìpù. Nítorí náà, ẹni tó pààrọ̀ èyí tó wà nínú páànù lẹ́ẹ̀kan kò tíì pààrọ̀ ọ́ìlì.

Bí ó bá di dandan kí gíà mìíràn wọlé, tàbí kí wọ́n tún ti inú ọkọ̀ ṣe, páìpù tó ń tu ọ́ìlì lára nínú rédíétọ̀ ni kò gbọdọ̀ di ohun ìgbàgbé. Gbogbo ẹ̀rún tí gíà àkọ́kọ́ pọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá fọ̀ ọ́, kí a tú páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà sínú gíà, kí a ki í bọ inú garawa, kí a ṣíná. Ọ́ìlì yẹ kó tú jáde bíi lítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ẹ́ńjìnnì kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju ìyẹn lọ kí a tó pa á, kí gíà má baà gbẹ. Bí ó bá ń kán tótó, rédíétọ̀ mìíràn ni kí a wá, kí gíà náà dúró nílẹ̀ títí tí yóò fi dé.